Kí Etí Ìyá Mi Tó Dí Tán

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Mo ra ìwé yìí nítorí pé kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ìwé kì í fini ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo mú ìyá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí láàárọ̀ yìí. Dókítà fi nǹkan bò ó létí, ó ní kó máa nawọ́ sókè nígbàkígbà tó bá ti gbọ́ ìró. Ìyá mi jókòó gán-ń-gán bí ọmọ tó ń ṣe ìdánwò. Ọwọ́ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gòkè. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ níbi tí kò ti sí ìró rárá — ojú dókítà ló ń wò, ibẹ̀ ló ti ń dá àbá. Kò fẹ́ fẹ́èlì. Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Etí òsì ti lọ. Ti ọ̀tún ń lọ. Oṣù mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Mo béèrè ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí, dókítà mirí. Ó ní kì í ṣe pé ihò rẹ̀ dí, iṣan inú rẹ̀ ló ń kú.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, ìyá mi ní, "Kí ló wí?" Mo pariwo ọ̀rọ̀ náà sí etí ọ̀tún. Gbogbo ọkọ̀ gbọ́. Ìyá mi ní, "Ó tán? Kò burú. Ṣebí mo ti gbọ́ ohùn rẹ nígbà tó dùn jù."

Ibẹ̀ ló ti gún mi.

Kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Kíláàsì kẹta ni mo wà ní girama, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a ṣe àṣeyẹ ìparí ọdún, tíṣà dá orin dúró, ó nàka sí mi. Ó ní ohùn mi tóbi ju èmi fúnra mi lọ, ó ń bo ti àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ìwọ, máa la ẹnu. Má jẹ́ kí nǹkan kan jáde." Mo la ẹnu. Orin márùn-ún gbáko. Ìyá mi jókòó níwájú pátápátá — iṣẹ́ ìránṣọ ló fi tọ́ mi, òun náà ló sì rán aṣọ gbogbo wa lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó parí, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Láàárín gbogbo wọn, tìrẹ ni mò ń gbọ́."

Mo dákẹ́. Ó di ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo ti dákẹ́. Kò sí àlejò tó yà sílé wa tí ìyá mi ò tíì sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀: mò ń kọrin.

Ibi iṣẹ́ nìkan ni o. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́fà, ẹ̀rọ ìgbẹṣọ mẹ́rin, tí gbogbo wọn bá jọ ń ké, èèyàn lè figbe olè ta, kò sẹ́ni tó máa yíjú. Èmi ló ń lọ aṣọ àwọn oníṣẹ́-abẹ. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fi ariwo yẹn bo ara mi. Orin ọ́pẹ́rà ni mò ń kọ, irú èyí tí mo kọ́kọ́ gbọ́ lórí rédíò ìyá mi nígbà tí mo wà ní kékeré: obìnrin kan, láìsí maikirofóònù, ohùn rẹ̀ ń gòkè, ó ń gòkè, o ó rò pé ó ti dé àjà, àṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá wù mí ni mo máa ń kì bọ̀ ọ́. Ọṣẹ. Páànù. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlá.

Lónìí iná kú lójijì. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ pọ̀. Èmi ò dákẹ́.

Kò ju kí èèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Ohùn mi nìkan nínú iyàrá ńlá yẹn. Ó lọ, ó kan ògiri, ó padà wá bá mi. Mo pa ẹnu dé wàì. Aláríwo dúró, aṣọ ibùsùn dá dúró lọ́wọ́ rẹ̀. (Aláríwo ni obìnrin tí a jọ ń lọṣọ. Inú ọkàn mi ni mo ti sọ ọ́ lórúkọ, kò mọ̀.) Ó ní, "Ta ló wà níkùn ẹ?"

Mo ní ikọ́ ni.

Ó ní, "Irú ikọ́ wo nìyẹn? Jọ̀ọ́, kó o ràn mí o."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Aláríwo ò jẹ́ n sinmi. Kí n lọ wá tíṣà. Ohùn yẹn ò gbọdọ̀ kú sínú ọṣẹ. Mo ní mo ti dàgbà jù. Ó ní tó bá jẹ́ pé mo ti dàgbà jù, kí n tètè na ara mi sílẹ̀, kó fi ọ̀kan nínú aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ bò mí lójú. Ẹnu obìnrin yìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ká ní mo lè rí ẹni tó máa kọ́ mi. Kí n kọ orin kan, ẹyọ kan péré, fún ìyá mi, kí etí ọ̀tún yẹn tó dí. Kí irọ́ ọdún mẹ́rìndínlógójì di òótọ́ lójú ẹ̀mí rẹ̀. Oṣù mẹ́ta.

Ta ni mo rò pé mo jẹ́ ná?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ni lórin lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ó dé ohun ìgbọ́rin sí mi lórí bíi fìlà, ó tan orin sínú rẹ̀, ariwo ńlá. Ariwo yẹn ló gbà mí: mo ṣe bí ẹni pé ibi iṣẹ́ ni mo wà, mo tú u jáde. Ọmọ náà fò dìde lórí àga. "Mọ́mì! Mọ́mì! Ẹ rọra!" Ó ní n ó ba ẹ̀rọ òun jẹ́. Ó ní kí n fi ẹnu kan maikirofóònù, kí n máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń bá olólùfẹ́ sọ̀rọ̀ ní gbàgede.

Ó ṣe sùúrù fún mi gan-an, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó — ẹni kejì láyé mi tó ní kí n dín in kù.

Mo fẹsẹ̀ rìn délé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìyá mi ní kí ló ṣe ojú mi. Mo ní ikọ́ ni. Ikọ́ ti di àwáwí ohun gbogbo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Aláríwo tún dé pẹ̀lú ìwé pélébé kan. Ìyá àgbà kan, ó ti kọ ọ́pẹ́rà lórí ìtàgé rí, ó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ orin tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, àjà kejì. Mo lọ lẹ́yìn iṣẹ́, òórùn ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọbìnrin kan jókòó nídìí tábìlì, ó ń kun èékánná. Kò wòkè. Ó ní, "Ọmọ yín ńkọ́ mà, ọmọ ọdún mélòó ni?"

Mo fẹ́ sọ pé èmi ni. Ọlọ́run rí mi, mo fẹ́ sọ ọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Mọ́kàndínlógún."

Ó na fọ́ọ̀mù sí mi. Mo kọ ọ́. Orúkọ: mi ò mọ èyí tí n ó kọ, mo bá kọ tèmi. Iṣẹ́: akẹ́kọ̀ọ́. Báyìí ni èmi tí Ọlọ́run ò fún lọ́mọ, tí ọkọ tìtorí ìyẹn kọ̀ sílẹ̀, ṣe bí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lójú tábìlì láìrọbí. Mo sọ ọ́ ní Ọmọ-Inú-Ìwé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n dá fún un. Aago mẹ́wàá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Tíṣà náà kúrú, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, funfun báláú. Ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tí bọ́tìnnì kan ti já lára rẹ̀ — ọmọ aránṣọ ni mí, nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rí. Dùùrù dúdú kan, àga méjì, fèrèsé kan. Mo ní ọmọ mi ò lè wá. Ara rẹ̀ ò yá.

"Ikọ́?" ló wí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ara mi rọ̀.

Ó ní kò burú, kí ìyá ọmọ gba iṣẹ́ lọ sílé fún ọmọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́: kó dùbúlẹ̀, kó gbé ìwé ńlá lé ikùn, kó máa mí kí ìwé náà máa gòkè. Ìkejì: kó wá tépù aránṣọ, kó fi yí egungun ìhà rẹ̀ ká. Kó mí síta, kó ka ìnṣì. Kó mí sínú, kó tún kà á. "Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì," ó ní, "ibẹ̀ ni orin ń gbé. Tí ibẹ̀ bá há, orin á jáde lọ gbé ibòmíràn." Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, èémí, èémí. Ìyá Eléèémí ni mo ń pè é báyìí.

Lẹ́yìn náà ó ní kí n ṣe díẹ̀ fún òun rí, kí n má lọ fi àṣìṣe kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó tẹ dùùrù. "Áà."

Mo la ẹnu. Nǹkan kan ò jáde.

Mi ò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Ojú rẹ̀ ló wà lára mi. Tí ojú bá ti wà lára mi báyìí, ẹnu mi á là, á ṣe gbogbo nǹkan tí ẹnu akọrin ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀fun ti tilẹ̀kùn. Ìyá Eléèémí wò mí títí. Ó ní, "Ẹnu yín mọṣẹ́. Ó mọṣẹ́ jù. Ta ló kọ́ ọ?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo gbé báàgì mi, mo sá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo jí tépù ìyá mi. Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló wà. Aláwọ̀ ìyeyè, ìka rẹ̀ ti pa nọ́ńbà ìnṣì mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ́. Ọdún mẹ́fà nìyí tó ti fi ìránṣọ sílẹ̀, mo ní kò ní mọ̀.

Mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ kíṣìnì, mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè lé ikùn. Mo dijú. Mò ń mí. Ó ń dùn mọ́ mi. Àfi igbe, "Yéè! Mo gbé!" — omi tútù sì dà sí mi lójú, odindi ife kan. Ìyá mi rò pé mo ti kú.

"Kí lò ń wá nílẹ̀?"

Mo pariwo pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

"Ìwé wá ni oògùn ẹ̀yìn? Tó o bá kà á tán ńkọ́, ṣé orí rẹ yìí náà á san?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó tì mí nílẹ̀. Omi ń kán nímú mi. Tépù wà lábẹ́ ẹ̀yìn mi, kò rí i.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Àlàfo: ìnṣì kan. Lọ́jọ́ Ajé, ìdajì ni. Mo ń kọ wọ́n sí ìwé pélébé kan. Ìyá mi ti ń wá tépù o. Ó ti tú dúrọ́ọ̀ méjì. Mo bi í kí ló fẹ́ fi rán. "Mi ò fẹ́ fi rán nǹkan kan. Mo fẹ́ mọ ibi tó wà ni."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

N ó ṣáà kọ ọ́.

Ìyá Eléèémí bi mí, "Ọmọ ńkọ́?" Mo ní ó ń ṣe ìdánwò. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dáa, kí n tún gba iṣẹ́ fún un. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ kọjú sí ògiri. Mi ò ní wò yín. Èmi náà á kọ̀yìn sí yín." Mo gbọ́ tí àga rẹ̀ yí. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó tẹ dùùrù.

Mo wo ògiri. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí níbì kan. Mo mí dé ibi tí tépù máa ń dé. Mo la ẹnu, ó jáde.

Mi ò mọ bí ó ti pẹ́ tó. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ sókè, mo ń tẹ̀ lé e. Kò ní kí n rọra. Kò ní kí n dín in kù. Nígbà tí mo yíjú, ọmọbìnrin onítábìlì ti gòkè wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síta nítorí ọ̀dà èékánná ò tíì gbẹ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin nìyẹn?"

Ìyá Eléèémí ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín jókòó sílé. Ìdánwò rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bọ̀."

Mo bú sẹ́kún. Mo jẹ́wọ́ pé kò sí ọmọ kankan. Ó ní ó ti mọ̀ látọjọ́ kìíní: "Ṣé ẹ ti rí ìyá tó sọ̀rọ̀ ọmọ fún wákàtí kan tí kò pè é lórúkọ rí?" Mo bá sọ ti girama fún un, orin márùn-ún tí mo fi ẹnu lásán kọ. Ó ní, "Ẹni tí ilé rẹ̀ kúrú ló ń ní kí àlejò bẹ̀rẹ̀. Àlejò ò ga jù."

Mo sọ ti etí ìyá mi. Ó ní oṣù mẹ́ta ò tó sọ èèyàn di akọrin, ṣùgbọ́n ó tó kọ orin kan dáadáa. Ó yan èyí tó kúrú, ìyá tó ń dágbére fún ọmọ. Ó ní a ó fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i, kí ìyá mi lè gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ó dàbọ̀, Ọmọ-Inú-Ìwé. O ò da ìyá rẹ láàmú rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ìnṣì kan àbọ̀. Ibi iṣẹ́: Aláríwo máa ń pa ẹ̀rọ méjì tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ orin ìdágbére yẹn, ó ní ariwo ń dí òun lọ́wọ́. Mo ní kó tan ẹ̀rọ wa padà. Ó ní kí n kọrin, kí n yé ṣe ọ̀gá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ìyá mi ń pè mí láàárọ̀. Mo dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. Ó tún pè. Mo súnmọ́ ọn, mo dáhùn. Ó tún pè, ó ń wo fèrèsé. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo dúró sí, apá ọ̀tún. Mo pariwo. Ó tún pè mí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dààmú ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin

Dókítà ní ó máa ń yá ju bí wọ́n ṣe rò lọ nígbà míràn. Ó ní òun kẹ́dùn.

Oṣù kan péré.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Mo dákẹ́ níbi iṣẹ́. Aláríwo ò sọ nǹkan kan, ìyẹn sì burú ju ariwo rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Mi ò lọ. Aago mẹ́wàá lù, mo ń fọ abọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọbìnrin onítábìlì pè mí lórí fóònù. "Mọ́mì, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àyè ìyá ọmọ ṣì ṣófo." Mo ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ta ni n ó wá máa kọ ọ́ fún?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Ìyá mi rí tépù rẹ̀.

Àárọ̀ yìí ló ń palẹ̀ yàrá mi mọ́ (mo ti bẹ̀ ẹ́ títí kó yé ṣe é). Ó gbé e jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, pẹ̀lú ìwé pélébé tí mò ń kọ ìnṣì sí. Mo bá a nídìí tábìlì oúnjẹ, ó wọ awò ojú, búrẹ́dì rẹ̀ ń gbẹ nínú àwo. Ó ń ka nọ́ńbà mi. Ó ní, "Ara ta nìyí? Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Méjìlélọ́gbọ̀n àbọ̀. Ọjọ́ kan náà! Ogójì ọdún ni mo fi wọn èèyàn, ara kì í ṣe báyìí láàárín ọjọ́ kan àfi tí ẹni tó wọ̀n ọ́n ò bá mọṣẹ́."

Ariwo ò wúlò mọ́. Mo mú bírò. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà: *Èémí mi ni. Mo ń lọ kọ́ orin kíkọ. Mo fẹ́ kọ ọ́ fún yín. Mo pẹ́ jù.*

Ó kà á. Ó wò mí. Bírò ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo bá kọ ìyókù kí àyà mi tó já: *Lọ́jọ́ àṣeyẹ girama, mi ò kọrin. Ẹnu lásán ni mo là. Ẹ dárí jì mí.*

Ó yọ awò ojú. Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo dúró bí igi.

"Ta ló rán kọ́là yẹn fún gbogbo yín? Mo ti rán an há díẹ̀, mo mọ àṣìṣe mi. Bẹ́ ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ orin, bọ́tìnnì ọrùn gbogbo wọn ń fò sókè sódò, ti ọmọ méjì tiẹ̀ já dànù. Mo ń wo tìrẹ. Kò mì. Orin kìíní, kò mì. Orin karùn-ún, kò mì."

Mo kọ ọ́: *Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní ẹ gbọ́?*

Ó ní, "Kí ni kí n wí? Ojú rẹ ń wá ibi tó máa sunkún sí. Ilé ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, nínú ilé ìwẹ̀, kó o tó dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo ní n ó máa sọ ọ́ fún aráyé, títí tí ìwọ náà á fi gbà."

Lẹ́yìn náà ó fa tépù tẹ́ẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń fà á nígbà tí mo wà ní kékeré tí aṣọ tuntun bá kàn mí. "Dìde. Gbé apá sókè."

Mo gbé apá sókè. Ó fi tépù yí ìhà mi ká, àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì pàdé níwájú. "Kọ ọ́."

Kò sí ògiri tí mo lè kọjú sí. Ojú rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ojú mi, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Mo mí. Mo la ẹnu. Ojú rẹ̀ wà lára mi, ó sì jáde. Orin ìyá tó ń dágbére fún ọmọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ó lu àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Tépù ń yọ̀ lọ, ó ń yọ̀ bọ̀ láàárín ìka rẹ̀, ètè rẹ̀ ń ka ìnṣì: mọ́kànlélọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n, àbọ̀, ó dé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n níbi tí orin ti ga jù. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí tépù. Kò nù ún, ọwọ́ rẹ̀ ò sí nílẹ̀.

Nígbà tí mo parí, kò tú mi sílẹ̀. Ó ní, "Tún un kọ. Ẹ̀gbẹ́ òsì ò dé ibi tí ọ̀tún dé."

Mo tún un kọ. Ohun tí Ìyá Eléèémí náà máa wí gan-an nìyẹn. N ó lọ sọ fún un lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá.

Lẹ́yìn náà ìyá mi pa tépù pọ̀, ó so ó mọ́ ọrùn bí ti àtijọ́. Ó ní, "Gbogbo aṣọ rẹ ti há jù fún irú èémí yìí. Kó wọn wá. N ó tú ẹ̀gbẹ́ wọn." Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tàsé.

Ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń ké lọ́wọ́ báyìí ní pálọ̀, bí mo ṣe ń kọ èyí nínú yàrá. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì: "Ṣé ò ń kọ ọ́, àbí o ti dákẹ́?"

Mo fẹ́ lọ dúró kọrin níbi tó ti lè rí ọrùn mi.